Ayùn irin, kọ́tà páìpù tàbí fáílìn maṣíìnì: èwo ni kí ẹ fi gé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ nílé?

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mò ń sọ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe Márúwá. Ọ̀pọ̀ èyí tó ń wọ Òṣogbo báyìí ló jẹ́ tòkunbọ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè, ọwọ́ wọn sì máa ń fẹ̀ gan-an. Mo na téèpù sí èyí tí mo rà kẹ́yìn: sẹ̀ǹtímítà 78 láti etí kan dé èkejì. Ẹ wá wo bí èèyàn ṣe máa gbé e gba àárín kọ̀rọ́pe méjì ní Ọláìyá lásìkò tí àwọn ọmọléèwé ń jáde. Nílé wa ní Òkè-Báálẹ̀ pàápàá, mo gbọ́dọ̀ yí ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó lè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé, ó sì ti ha ọ̀dà ara ògiri débi tí onílé fi bá mi sọ̀rọ̀.

Gígé rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Irinṣẹ́ tí kò bá a mu ló ń sọ ọ́ di wàhálà. Mo ti fi ayùn irin gé e, mo ti fi kọ́tà páìpù gé e, mo sì ti jẹ́ kí wẹ́dà fi fáílìn maṣíìnì gé e fún mi. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ èrò mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ẹni tó fẹ́ gé kẹ̀kẹ́ kan tàbí méjì nílé ara rẹ̀, ayùn irin tí eyín bíléèdì rẹ̀ wẹ́ ni kó mú. Maṣíìnì yá jù ú lọ. Kọ́tà ń gé tọ́ jù ú lọ. Síbẹ̀ ayùn ni mo máa ń nawọ́ sí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gé

Ẹ wá òòfà kan, ti inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ náà tó. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà típẹ́típẹ́, irin pọ́ńbélé ni. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí ibi tí ọ̀dà ti bó sì funfun bí ìkòkò tí a fi iyanrìn fọ̀, alumíníọ̀mù ni, òun ló sì pọ̀ jù lára àwọn tòkunbọ̀. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, tó dúdú tinú tẹ̀yìn, tó fúyẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, tí ẹ fi èékánná kàn án tí kò dún bí irin, kábọ̀nù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, màá dé ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ̀n. Lára ọ̀pọ̀ jù lọ kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ wọn nà gbọọrọ, ibi tí rọ́bà ọwọ́ ń wọ̀ jẹ́ mìlímítà 22.2 ní ìbú. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́kàn, ó ní ibi tó ti máa wúlò. Bí ẹ bá ṣe ń lọ sí àárín ló ń sanra sí i, torí ibi tí ọrùn kẹ̀kẹ́ ti dì í mú sábà máa ń jẹ́ 25.4 tàbí 31.8. Bíréèkì àti jíà kò lè kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sanra yẹn, òun ló sì ń pinnu ibi tí ẹ lè gé e dé. Rọ́bà ọwọ́ ń gba bíi sẹ̀ǹtímítà 13, bíréèkì ń gba tirẹ̀, jíà ń gba tirẹ̀, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ rí àyè jókòó sí ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ máa ń fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ara rẹ̀ láti fi ibi tí ayùn kò gbọdọ̀ kọjá hàn. Bí ẹ bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Tó bá jẹ́ Raleigh àtijọ́ tí bàbá yín fi sílẹ̀ ni, èyí tí ọ̀pá irin ń fa bíréèkì rẹ̀ dípò wáyà, mo bẹ̀ yín, ẹ má gé e. Ọ̀pá bíréèkì náà gba abẹ́ ọwọ́ lọ, bí ẹ bá gé ọ̀kan, ẹ ti ba èkejì jẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà.

Ohun kan tún wà tí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ tú bíréèkì àti jíà díẹ̀, ẹ sún wọn wọnú bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹ dè wọ́n padà, kí ẹ máa di ibi tó wà nínú mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ gùn ún lọ sọ́jà, ẹ gùn ún gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Fìà. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá ṣe kúrú tó ló ṣe ń yára yí tó, àwọn kan kò sì fẹ́ràn ìyẹn rárá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní òun fẹ́ gé tirẹ̀ sí 64. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin péré, ó ní kí n fi sílẹ̀ sí 70. Ká ní a ti gé e ńkọ́?

Ayùn irin

Irinṣẹ́ tó wà ní ilé gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ pé òun ni àwọn èèyàn ń lò láì wo ohun tí wọ́n so mọ́ ọn. Fírémù rẹ̀ kò ṣe pàtàkì tó bíléèdì. Ẹ wo ara bíléèdì, ẹ ó rí 18, 24 tàbí 32. Iye eyín tó wà nínú íńṣì kan nìyẹn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, 18 ni, mi ò sì mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí ìyókù. Mo gbé e lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń fò, ó ń ta kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó ń há. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, mo tì í. Eyín mẹ́rin ló kán lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi ojú àpá sára alumíníọ̀mù náà bí ibi tí eku ti jẹ iṣu. Bàbá kan ládùúgbò wa tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Machine Tools tó wà nílùú wa níbí ló pè mí sápá kan. Ó mú bíléèdì náà, ó gbé e sí ẹnu páìpù tí mo fẹ́ gé, ó ní kí n tẹjú mọ́ ọn.

“Eyín mélòó lo rí tó kan irin yẹn?”

“Ẹyọ kan, bàbá. Bóyá ẹyọ kan àbọ̀.”

“Ó yẹ kó tó mẹ́ta, tàbí kó súnmọ́ ọn. Bí eyín bá dín, irin á há sáàárín méjì, ọ̀kan á sì kán.”

Mo lọ ṣírò rẹ̀ nígbà tí mo délé. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù kì í sábà nípọn ju mìlímítà méjì lọ ní etí. Lára bíléèdì 18, eyín kan sí èkejì jẹ́ mìlímítà 1.4. Lára 24, ó jẹ́ 1.06. Lára 32, ó jẹ́ 0.8. Ìyẹn ni pé 32 nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí bàbá náà sọ. Bí ẹ kò bá rí 32, 24 á ṣe é, ṣùgbọ́n kí ẹ máa fà á pẹ̀lú sùúrù. 18 jẹ́ ti irin tó nípọn, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń gé ọ̀pá ìlẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ bá lọ ra á, yálà ní Ìgbọ̀nà tàbí ní Ọjà Ọba, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà kí ẹ kà á fúnra yín. “Èyí náà dáa” kọ́ ni ìdáhùn sí “Eyín mélòó ni?”

Ẹ jẹ́ kí eyín bíléèdì kọjú síwájú, torí ìgbà tí a bá ń tì í ni ayùn irin ń gé, kì í ṣe ìgbà tí a bá ń fà á bọ̀. Ẹ dè é kó le bí okùn dùndún. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín lọ jìnnà kó tó padà, kí gbogbo bíléèdì lè ṣiṣẹ́. Ẹ kán karosíìnì díẹ̀ sójú ibi tí ẹ ń gé bó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, kò ní jẹ́ kí ẹ̀rún rẹ̀ dí eyín. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: iṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún ló ń gbà mí ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì rẹ̀ mí.

Ewu rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó lè wọ́. Ọwọ́ ẹni kì í tọ́ bí a ṣe rò. Ọgbọ́n tí mo fi ń borí ìyẹn ni kílíìpù méjì, irú èyí tí mẹ́káníìkì fi ń di rọ́bà rédíétọ̀ ọkọ̀. Mo máa ń de ọ̀kan sí apá ọ̀tún ìlà tí mo fà, ọ̀kan sí apá òsì, mo sì fi àlàfo tí bíléèdì lè gbà kọjá sáàárín wọn. Ayùn kò ní ibòmíràn tó lè lọ mọ́. Àwọn òyìnbó ń ta irinṣẹ́ kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, ó dára, ó sì wọ́n. Fún ẹni tó ń gé ẹyọ kan, kílíìpù méjì ti tó. Bí ẹ bá ní ọrùn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ń wọ̀ ọ́, ẹ lè fi òun náà ṣe ìtọ́sọ́nà, ẹ ṣáà mọ̀ pé ayùn á ha á lára.

Kọ́tà páìpù

Àwọn tó ń tún fíríìjì àti éésì ṣe ló ń lò ó jù, láti fi gé páìpù kọ́pà. Ó ní kẹ̀kẹ́ kékeré mímú kan àti róólà méjì. Ẹ ó fi wọ́n há páìpù mọ́ra, ẹ ó yí i ká, ẹ ó tún fún un díẹ̀, ẹ ó tún yí i ká. Ibi tó bá gé máa ń tọ́ bí ẹnu ife. Kò ní ariwo, kò ní ẹ̀rún, kò sì nílò kílíìpù kankan. Bí ẹ bá lè yá a lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kan tó ń tún fíríìjì ṣe, tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín sì jẹ́ alumíníọ̀mù tó dán, mi ò ní dí yín lọ́wọ́.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ara rẹ̀. Àwọn kékeré kan wà tó jẹ́ pé láti 3 dé 22 ni wọ́n ń gbà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín jẹ́ 22.2. Fún èyí tó ń gbà dé 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ìṣòro. Kọ́tà tí wọ́n fi ń gé páìpù PVC, èyí tó dà bí àlùmọ́gàjí, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ohun kejì ni pé kọ́tà kì í mú nǹkan kúrò bí ayùn ṣe ń ṣe, ńṣe ló ń tì í. Irin tó bá tì, inú ló ń wọ̀ sí, díẹ̀ rẹ̀ a sì wú sẹ́yìn. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ki rọ́bà ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ ó rí i pé kò wọlé. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ki ìdérí sí ẹnu rẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹnu ti há. Ẹ ṣì máa mú fáìlì, irin gbágungbàgun tí a fi ń ha etí irin kó dán, nígbà mìíràn iṣẹ́ fáìlì rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ ju ti ayùn lọ. Lára irin pọ́ńbélé, kọ́tà tí a ṣe fún kọ́pà á kú lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì ra tuntun fún onínǹkan. Ibi tí ara ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá rí gbágungbàgun, róólà kì í jókòó síbẹ̀ dáadáa.

Fáílìn maṣíìnì

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e wá jàre. Iṣẹ́jú kan ni.” Wẹ́dà kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mi ò sì dá a lẹ́bi, torí òótọ́ ló sọ. Kò tó iṣẹ́jú kan. Ó gé e wẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dé ilé tí mo fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò, apá ọ̀tún dàgẹ̀rẹ̀ bí ẹnu kálàmù. Mo ti kọ́kọ́ sáré ki rọ́bà ọwọ́ bọ̀ ọ́ níbẹ̀, kó tó tutù, rọ́bà náà sì yọ́ mọ́ ọn. Ọbẹ ni mo fi ha á kúrò.

Díìsìkì tó ń yí lára maṣíìnì náà, èyí tí wọ́n fi ń gé irin, kì í ṣe ọ̀rẹ́ alumíníọ̀mù. Alumíníọ̀mù rọ̀, ó ń yọ́ mọ́ ojú díìsìkì, ó ń dí i. Díìsìkì tó bá ti dí kì í gé mọ́, ńṣe ló ń gbóná, oníṣẹ́ á sì máa tẹ̀ ẹ́ sí i. Díìsìkì íńṣì mẹ́rin àbọ̀ ń yí nǹkan bí ìgbà 11,000 ní iṣẹ́jú kan. Bí ó bá fọ́ níbi tó ti ń yí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè sá fún ẹ̀rún rẹ̀. Bí ẹ bá máa lò ó, kí ìbòjú wà lójú yín, kí ìbo irin tó wà lára maṣíìnì náà wà níbẹ̀ (ọ̀pọ̀ wẹ́dà ti tú tiwọn jù nù, mi ò sì tíì gbọ́ àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn lórí rẹ̀), kí ẹ sì fi aṣọ tútù bo táyà àti wáyà bíréèkì, torí iná tó ń ta lára irin máa ń jó wọn lójú.

Ibi tí maṣíìnì ti ń gbéraga ni irin pọ́ńbélé. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín bá jẹ́ irin líle, tí ẹ fẹ́ gé mẹ́fà tàbí mẹ́wàá, bí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe tà, díìsìkì tẹ́ẹ́rẹ́ oní-mìlímítà kan á gbà yín lọ́wọ́ làálàá. Ẹ sáà rántí pé iná ló ń jẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó gan-an ni wọ́n lè mú un lọ.

Kábọ̀nù

Èyí kò pọ̀ nígboro wa, ṣùgbọ́n ó ń dé sínú tòkunbọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ mi kúrú lórí rẹ̀. Ẹ má fi kọ́tà kàn án, yóò fọ́ ọ. Ẹ má fi maṣíìnì kàn án nínú ilé, eruku rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ fà. Bíléèdì 32 tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ fi téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan yí ibi tí ẹ fẹ́ gé ká, kí ẹ máa wọ́n omi sí i bí ẹ ṣe ń gé e, kí ẹ bo imú àti ẹnu yín dáadáa. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa yí i bí ẹ ṣe ń gé, kó má baà ya ní ìparí. Omi dúdú tó bá kán sílẹ̀, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ má gbá a.

Bí a ṣe gé tèmi

Ọjọ́ Àìkú kan ni. Mi ò tú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà kúrò lára kẹ̀kẹ́, torí ọrùn rẹ̀ dì í mú ju bí fáìsì, irin tí oníṣẹ́ fi ń di nǹkan mú, ṣe lè dì í mú lọ, fáìsì sì lè tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fi orúnkún méjèèjì há táyà iwájú mọ́ra. Mo bu omi ọṣẹ sábẹ́ rọ́bà ọwọ́, ó yọ jáde. Ẹ má fi epo yọ ọ́ o, torí bí ẹ bá dá a padà, kò ní dúró lójú kan mọ́, ibi tí ó ti máa yọ̀ lọ́wọ́ yín lè jẹ́ àárín títì.

Mo na téèpù láti àárín ọrùn, kì í ṣe láti etí kan sí èkejì. Sẹ̀ǹtímítà 36 sí ọ̀tún, 36 sí òsì. Èyí ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá gé ẹ̀gbẹ́ kan tán kó tó wọn èkejì, àfàìmọ̀ kí ọ̀kan má gùn ju èkejì lọ, kó wá máa gé e díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní sí ibi tí bíréèkì máa jókòó. Mo wé bébà kan tí etí rẹ̀ tọ́ mọ́ ọn, mo fi bírò fa ìlà sí i yíká, mo de kílíìpù.

Nígbà tí ayùn fẹ́rẹ̀ẹ́ já, mo ní kí ọmọ náà fi ọwọ́ kan di èyí tó fẹ́ já mú. Bí ó bá já fúnra rẹ̀, ó máa ń ya ètè kékeré kan sílẹ̀. Ẹ̀rún alumíníọ̀mù ti bo sòkòtò mi bí ìyẹ̀fun, òórùn karosíìnì sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó já, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré, ọmọ náà gbé e sẹ́nu, ó fọn ọ́n, ó dún bí fèrè. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fi gé ètè.

Fáìlì ló kù. Èyí tó tẹ́ ní ẹ̀yìn, èyí tó rí kìrìbìtì nínú. Mo ń yọ ètè mímú yẹn kúrò títí tí mo fi lè fi ìka gba ẹnu rẹ̀ láì kọ mí lára, mo wá fi sáńpépà parí rẹ̀. Irinṣẹ́ yòówù kí ẹ fi gé e, ibi fáìlì yìí kò ṣe é fò.

Ìdérí ẹnu náà kò ṣe é fò. Bí ọmọ bá ṣubú, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ máa ń yí, ẹnu rẹ̀ á wá dojú kọ ikùn ọmọ náà. Àwọn dókítà mọ irú ọgbẹ́ yìí dáadáa, ó lè dé ẹ̀dọ̀ tàbí ọlọ inú láì jẹ́ pé ara ita hàn bí ohun tó bàjẹ́. Páìpù tí ẹnu rẹ̀ ṣófo sì máa ń wọ ara bí ìgò fífọ́. Bí rọ́bà ọwọ́ yín bá ti lu ní etí, ẹ ra ìdérí oníke méjì. Bí ẹ kò bá tíì rí i rà, ẹ gbẹ́ igi líle kan kó wọ̀ ọ́ pinpin, kí ẹ fi òòlù kàn án wọlé, kó má yọ sóde, kó má sì mì. Igi ni mo fi sí tèmi lọ́jọ́ yẹn. Mo dá rọ́bà ọwọ́ padà, mo de bíréèkì, mo fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta.

“Bọ̀dá, ṣé kí n gbé e wọlé?”

Mo ní kó máa gbé e lọ. Ó tì í wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 72, kò yí ọwọ́ rẹ̀ síbì kankan.